Ibo Ni Kí Backup Server Yín Máa Sùn? Ìfiwéra fún Àwọn Ilé-iṣẹ́ ní Àkúrẹ́

Òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé kan ni, nígbà tí òjò ọdún ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Wọ́n pè mí láti ọ́fíìsì ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan ní ìhà Oyèmẹ́kùn pé àrá sán lóru, server wọn, kọ̀ǹpútà tí gbogbo iṣẹ́ ọ́fíìsì wà lórí rẹ̀, kò sì tàn mọ́. Nígbà tí mo débẹ̀, òórùn ike tó jóná ti gba gbogbo yàrá. Server ti kú, switch (àpótí tí wáyà gbogbo kọ̀ǹpútà ti pàdé) ti kú. Ṣùgbọ́n ọkàn akáwóńtáǹtì wọn balẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má wulẹ̀ dààmú, a ní backup." Ó na ọwọ́ sí díìsìkì dúdú kékeré kan tí ẹ̀dà iṣẹ́ wọn wà nínú rẹ̀, tí wáyà rẹ̀ ṣì wà lẹ́yìn server náà. Mo yọ ọ́, mo so ó mọ́ láptọ́ọ̀pù tèmi. Kò tan iná. Mo gbé e sétí, n kò gbọ́ kí nǹkan kan yí nínú rẹ̀. Iná tó pa server ló gba ojú wáyà USB kọjá, tó pa díìsìkì náà mọ́ ọn.

Káàdì ìdáwó àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ni wọ́n padà gbà jọ lọ́kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n fi tún gbogbo ìṣirò tẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó gbà wọ́n ní ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Ẹni méjì sì wà tó ti sọ káàdì tirẹ̀ nù; ìjà ìyẹn kò tíì parí nígbà tí mo fi ṣe tèmi tán níbẹ̀.

Ohun tó ń dùn mí nínú ọ̀rọ̀ náà ni pé wọn kì í ṣe ọ̀lẹ. Alaalẹ́ ni wọ́n ń ṣe backup. Ibi tí wọ́n ń kó o sí ni kò dáa. Láti ìgbà náà, bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé "Èwo ni ká rà?", n kì í yára dáhùn. Mo máa ń ní kó kọ́kọ́ sọ fún mi bí ọjọ́ tí server bá kú yóò ṣe rí ní ọ́fíìsì wọn: ta ni yóò wà níbẹ̀, kí ni wọn kò lè dúró dè, ta ló mọ páásíwọọ̀dù. Ọjọ́ yẹn ló yẹ kó yan ẹ̀rọ fún wa. Iye TB (bí àyè inú díìsìkì ṣe pọ̀ tó) tí wọ́n kọ sára páálí kọ́.

Ohun tí a ó fi wọ̀n wọ́n

Àkọ́kọ́ ni iṣẹ́ tí ẹ lè fara mọ́ kó sọnù. Ẹgbẹ́ tó ń gba owó lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ lè pàdánù iṣẹ́ ọjọ́ kan, kó sì tún un kọ láti inú rìsíìtì. Ilé-ìwòsàn kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Dókítà wo ni yóò rántí oògùn tó kọ fún ogójì aláìsàn láàárọ̀ àná? Èyí ló ń sọ bóyá ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ ti tó, tàbí ẹ gbọ́dọ̀ máa ṣe é ní wákàtí-wákàtí.

Èkejì ni iye àkókò tí ẹ lè fi ti ilẹ̀kùn kí ọ̀rọ̀ tó di wàhálà. Ẹ̀dà tí ewu kankan kò wu, ṣùgbọ́n tó máa gba ọjọ́ mẹ́wàá kó tó padà sórí server, ó dà bí owó tó wà ní báǹkì lọ́jọ́ tí báǹkì kò ṣí.

Ẹ̀kẹta ni ìwọ̀n, ibí sì ni ọ̀pọ̀ ti ń ná owó dànù. Ẹ jẹ́ ká jọ ṣírò rẹ̀. Ká ní iṣẹ́ tó wà lórí server yín jẹ́ 500 GB, tí ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ ń yí padà lójúmọ́, ìyẹn 10 GB. Bí ẹ bá ń kó odidi rẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé, tí ẹ ń kó kìkì ohun tó yí padà ní ọjọ́ mẹ́fà yòókù, tí ẹ sì fẹ́ pa ọ̀sẹ̀ mẹ́rin mọ́, odidi mẹ́rin jẹ́ 2,000 GB, àwọn tó yí padà jẹ́ 240 GB. Àròpọ̀ rẹ̀, 2.24 TB. Ṣùgbọ́n àwọn sọ́fítíwíà kan wà tí kì í kọ ohun kan náà sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Odidi kan ṣoṣo ni wọ́n ń pa mọ́, wọ́n á wá máa fi ìyípadà ojoojúmọ́ kún un. Lọ́wọ́ irú wọn, iṣẹ́ kan náà kò ní gbà ju nǹkan bí 780 GB lọ. Nítorí náà, ẹ yan sọ́fítíwíà kí ẹ tó yan díìsìkì. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ìdajì lé iye tó bá jáde, nítorí iṣẹ́ kì í dín, ńṣe ló ń pọ̀ sí i. (Bí díìsìkì 4 TB bá sì ń fi 3.6 hàn yín lórí Windows, ẹ má lọ bá ẹni tó tà á jà. Ilé-iṣẹ́ tó ṣe é ń fi 1,000 ka, Windows ń fi 1,024 ka. Kò sí ẹni tó rẹ́ yín jẹ.)

Ẹ̀kẹrin ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Lórí switch gigabit (irú tó yára), ohun tó ń kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kan máa ń tó 110 MB, tí díìsìkì méjèèjì bá lè bá a sáré. Pẹ̀lú ìyẹn, 1 TB yóò kọjá láàárín bíi wákàtí méjì ààbọ̀ sí mẹ́ta. Lórí switch 100 Mb/s, 1 TB kan náà yóò gba odidi ọjọ́ kan, yóò tún lé díẹ̀. Títí di òní ni mo ṣì ń bá irú switch bẹ́ẹ̀ lábẹ́ tábìlì láwọn ọ́fíìsì wa, eruku ọyẹ́ ọdún mẹ́ta lórí rẹ̀. Wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì Cat5e tí ẹ ti fà sára ògiri lè gbé gigabit láìsí ìṣòro. Switch yẹn nìkan lẹ máa pààrọ̀. Nínú gbogbo owó tí a ó mẹ́nu bà níbí, mo rò pé tirẹ̀ ló kéré jù, tí èrè rẹ̀ sì yára hàn jù.

Iná ló ṣe ìkarùn-ún, ṣùgbọ́n ní Àkúrẹ́ òun ni mo máa ń kọ́kọ́ béèrè. Ìwé ìtọ́ni tó bá sọ́fítíwíà wá láti Jámánì tàbí Amẹ́ríkà yóò ní kí ẹ ṣètò backup sí aago méjì òru, nígbà tí gbogbo ènìyàn ti sùn. Lọ́dọ̀ tiwa, jẹnẹrétọ̀ náà ti bá wọn sùn. Mo ti dé ilé-iṣẹ́ kan tó fi aago méjì òru yìí sílẹ̀ fún ọdún kan gbáko. Ìgbà tí backup náà parí nínú ọdún yẹn kò tó ogún, àwọn òru tí NEPA kò mú iná lọ nìkan ni. Ẹ wá àkókò tí iná yín dájú. Ó lè jẹ́ aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tí jẹnẹrétọ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́, ó lè jẹ́ ọ̀sán tí àwọn òṣìṣẹ́ lọ jẹun. 10 GB tó yí padà lóòjọ́ kò ní gbà ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ lórí gigabit, ẹnikẹ́ni kò sì ní mọ̀ pé ó ń lọ. Odidi ló yẹ kó dúró de ọjọ́ Sátidé. Ẹ tún wo ohun tí ẹ̀rọ náà ń jẹ. NAS kékeré onídíìsìkì méjì (àpótí díìsìkì tó ń jókòó sórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì) ń jẹ nǹkan bíi wáàtì 20. Kọ̀ǹpútà orí tábìlì àtijọ́ lè jẹ 60 sí 100. Server inú ráàkì lè jẹ 200 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ínfátà tó ń gbé ti àkọ́kọ́ mọ́jú lè má gbé ti ìkẹta dé aago mẹ́wàá alẹ́.

Ẹni tí yóò máa wò ó ló kẹ́yìn, kì í ṣe pé ó kéré. Ní ọjọ́ 31 oṣù kìíní ọdún 2017, òṣìṣẹ́ kan ní GitLab, níbi tí àwọn tó ń kọ sọ́fítíwíà káàkiri ayé ń kó iṣẹ́ wọn sí, ṣèèṣì pa dátábéèsì gidi (ibi tí àkọsílẹ̀ wọn wà) rẹ́. Ọ̀nà márùn-ún ni wọ́n fi ń ṣe backup. Nígbà tí wọ́n máa wò ó, kò sí èyí tó ń ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ nínú wọn. Ọ̀kan ti ń kùnà tipẹ́, ìmélì tó yẹ kó ta wọ́n lólobó kò sì wọlé. Ẹ̀dà tó gbà wọ́n là ni èyí tí ẹnìkan fọwọ́ ṣe ní wákàtí mẹ́fà ṣáájú, nítorí iṣẹ́ mìíràn. Bí èyí bá lè ṣẹlẹ̀ sí àwọn tí kọ̀ǹpútà jẹ́ iṣẹ́ òòjọ́ wọn, ẹ bi ara yín léèrè ẹni tí yóò máa wo tiyín láràárọ̀. Bí ẹ kò bá rí orúkọ ènìyàn kan dá, ẹ má ra ohun tó le.

Ọ̀rọ̀ kan nípa RAID

Ẹ jẹ́ ká yanjú èyí kí a tó wọnú ọjà, nítorí àwọn tó ń tà á máa ń jẹ́ kó dà bíi backup lójú wa. RAID, ìyẹn títo díìsìkì púpọ̀ kí wọ́n máa ṣiṣẹ́ bí ẹyọ kan, kì í ṣe backup. Bí ẹ bá to díìsìkì 4 TB mẹ́rin ní RAID 5, ẹ óò rí àyè 12 TB, ọ̀kan lè kú kí iṣẹ́ má dúró. Ní RAID 6, àyè náà di 8 TB, méjì lè kú. Ó dára, ẹ ṣe é. Ṣùgbọ́n bí akọ̀wé bá ṣèèṣì pa fódà owó oṣù rẹ́, ìṣẹ́jú kan náà ni RAID yóò pa á rẹ́ lórí díìsìkì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bẹ́ẹ̀ náà ni àrá kò ní yọ ọ̀kan sílẹ̀ nínú wọn.

Díìsìkì à-fi-wáyà-so

Òun ló rọjú jù, òun ló sì pọ̀ jù nílùú. Ẹ rà á, ẹ so ó mọ́ server, Windows Server Backup (sọ́fítíwíà tó bá Windows wá) ń kó iṣẹ́ sínú rẹ̀. Kò bá nẹ́tíwọ́ọ̀kì ṣe, kò béèrè ọ̀jọ̀gbọ́n, ìdápadà rẹ̀ sì yá. Àléébù rẹ̀ ni mo fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí. Ohun tó bá bá server yóò bá a: àrá, òjò tó ń jò láti àjà, olè tó wọlé ní òru ọjọ́ Àìkú. Ransomware (sọ́fítíwíà ọ̀daràn tó ń ti fáìlì pa, tó sì ń béèrè owó ìtúsílẹ̀) kò sì ní fojú fò ó. Bó bá ti rí i lórí Windows bíi D tàbí E, yóò tì í pa pẹ̀lú ìyókù.

Bí apá yín kò bá ká ju èyí lọ, ẹ ra méjì. Ẹ kọ 1 sára ọ̀kan, ẹ kọ 2 sára ìkejì. Bí ọ̀kan bá wà lẹ́nu iṣẹ́, kí ìkejì wà nílé ẹni tí ẹ fọkàn tán, kí wọ́n máa pààrọ̀ ara wọn lọ́jọ́ Ẹtì. Èyí tó bá ń jáde, ẹ fi BitLocker, ohun tí Windows fi ń ti díìsìkì pa, tì í. Orúkọ ènìyàn àti gbèsè ènìyàn ló wà nínú rẹ̀, Òfin Ààbò Dátà Nàìjíríà ti ọdún 2023 sì ti gbé ààbò rẹ̀ lé ẹ̀yin tí ẹ kó o jọ lọ́wọ́. Díìsìkì méjì yìí tó fún server kan. Bó bá di mẹ́ta, díìsìkì yóò di mẹ́fà, ẹnìkan yóò sì gbé nọ́ńbà 2 ti server kìíní lọ so mọ́ server kẹta lọ́jọ́ kan. Mo ti rí i.

Kọ̀ǹpútà àtijọ́ tí a fi Linux sọjí

Èyí ni mo fẹ́ràn jù, n kò ní fi bò, ṣùgbọ́n kì í ṣe ti gbogbo ènìyàn. Ọ́fíìsì tí kò ní kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n ti pa tì sí kọ̀rọ̀ kò wọ́pọ̀. Ẹ fẹ eruku inú rẹ̀, ẹ yọ díìsìkì àtijọ́ rẹ̀ dànù (ẹ má fi í pamọ́ "bóyá ó ṣì máa wúlò"), ẹ fi tuntun ńlá méjì sí i kí ọ̀kan máa ṣe ẹ̀dà èkejì, ẹ wá fi Linux, sọ́fítíwíà ọ̀fẹ́ tó ń darí kọ̀ǹpútà bíi Windows, sí i. Díìsìkì nìkan lẹ máa ná owó lé. Sọ́fítíwíà rẹ̀ kò gba kọ́bọ̀.

Mẹ́ta ló yẹ kí ẹ mọ̀ nínú àwọn sọ́fítíwíà wọ̀nyí. rsync ló dàgbà jù, ọdún 1996 ló jáde. Ibi tí fáìlì ti yí padà nìkan ló ń gbé kọjá, nítorí náà nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó ń fà pàápàá yóò lè gbé e. BackupPC ń lo rsync náà, ó sì mọ Windows bá sọ̀rọ̀ láìsí pé ẹ fi nǹkan púpọ̀ sórí kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan. Bí fáìlì kan náà bá wà lórí kọ̀ǹpútà ogún, ẹ̀ẹ̀kan péré ló ń pa á mọ́. Ojú ìwé kan wà tí akọ̀wé lè ṣí láti fi wá fáìlì àná. BorgBackup ń gé iṣẹ́ sí wẹ́wẹ́, kì í sì í kọ wẹ́wẹ́ kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Ó tún ń fi páásíwọọ̀dù tì í pa. Lọ́dọ̀ Borg, bí páásíwọọ̀dù bá sọnù, iṣẹ́ ti lọ nìyẹn, kò sí ẹlẹ́bẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sórí bébà, ẹ tì í mọ́ inú àpótí owó.

Ohun méjì ni mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn níbí. Ẹ jẹ́ kí kọ̀ǹpútà backup máa lọ fa iṣẹ́ wá fúnra rẹ̀. Server kò gbọ́dọ̀ mọ páásíwọọ̀dù rẹ̀, kò gbọ́dọ̀ lè wọlé tọ̀ ọ́. Ọmọ ilé lè jáde lọ gba ẹrù. Àlejò kò gbọ́dọ̀ ní kọ́kọ́rọ́ àká. Bí ransomware bá gba server, ẹnu ọ̀nà ni yóò dúró sí. Ìkejì, dátábéèsì tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ kò ṣeé dà kọ bíi fáìlì lásán. Bí ẹ bá fi rsync kó fódà MySQL (irú dátábéèsì kan) nígbà tí ènìyàn ń kọ̀wé sínú rẹ̀, ẹ̀dà tí ẹ máa bá níbẹ̀ lè má ṣí. Kí mysqldump kọ́kọ́ tú u sínú fáìlì kan, tàbí pg_dump bó bá jẹ́ PostgreSQL, kí rsync tó wá gbé fáìlì náà. Mo ti rí ilé-ìwé aládàáni kan tó ní ẹ̀dà ọdún méjì tí kò sí èyí tó ṣí nínú wọn.

Ìṣòro ibẹ̀ ni ènìyàn. Àwọn ọmọ tó ń jáde ní FUTA tí Linux dá lójú kò wọ́n nílùú yìí. Kí wọ́n dúró tì yín ju ọdún kan lọ ló wọ́n. Bí ẹni tó tò ó bá gba iṣẹ́ ní Èkó, tí kò kọ ohun tó ṣe sílẹ̀, àpótí tí ẹnikẹ́ni kò lóye ni yóò kù fún yín. Kí ẹ tó san owó rẹ̀ tán, ẹ gba ojú ìwé méjì lọ́wọ́ rẹ̀: bó ṣe tò ó, àti bí a ṣe ń dá fáìlì padà.

NAS

NAS jẹ́ àpótí kékeré tí díìsìkì méjì, mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ wà nínú rẹ̀, tó ń jókòó sórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì fúnra rẹ̀. Synology àti QNAP ló wọ́pọ̀ jù. TrueNAS wà fún ẹni tó bá fẹ́ kọ́ tirẹ̀. Ẹ óò san owó ju ti kọ̀ǹpútà àtijọ́ lọ, nítorí pé àpótí lọ́tọ̀, díìsìkì lọ́tọ̀. Ohun tí owó náà rà ni ìfọ̀kànbalẹ̀ fún ibi tí kò sí onímọ̀ kọ̀ǹpútà. Ojú ìwé tí a fi ń darí rẹ̀ yé ènìyàn, ó ń ké nígbà tí díìsìkì kan bá ń ṣàìsàn, ó sì lè máa ya àwòrán bí fódà ṣe rí ní wákàtí-wákàtí tí a fi lè padà sẹ́yìn. Ó tún lè bá UPS sọ̀rọ̀ lójú wáyà USB. Bí bátìrì UPS bá ń tán lọ, NAS yóò pa ara rẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, kò ní dúró kí iná já lẹ́nu iṣẹ́. Ní ìlú tí iná ti ń lọ tó ń bọ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin lóòjọ́, èyí nìkan tó ìdí láti yàn án.

Tí ẹ bá ń ra díìsìkì rẹ̀, ẹ béèrè bóyá CMR ni tàbí SMR, ọ̀nà méjì tí díìsìkì ń gbà kọ iṣẹ́ sílẹ̀. CMR ni kí ẹ mú. SMR máa ń fà wọ́rọ́wọ́rọ́ tí ẹ bá ń tún RAID kọ́ lẹ́yìn tí ọ̀kan kú, ọjọ́ tí ẹ kò sì fẹ́ kó fà gan-an nìyẹn. Ẹ má sì ṣí NAS sí íntánẹ́ẹ̀tì nítorí pé ọ̀gá fẹ́ máa wo fáìlì láti ilé. Ní ọdún 2022, ransomware kan tí wọ́n ń pè ní DeadBolt wọ ọ̀pọ̀ NAS QNAP káàkiri ayé, àwọn tí wọ́n ṣí sí gbangba bẹ́ẹ̀ ló sì kó sí i lọ́wọ́. Bí ọ̀gá bá ta kú, kó gba ojú VPN (ọ̀nà àdáni tí a tì pa lórí íntánẹ́ẹ̀tì) wọlé.

Server backup gidi

Nígbà tí server bá ti tó márùn-ún sókè, tàbí tí àwọn server yín jẹ́ ti inú ẹ̀rọ kan ṣoṣo tí a pín sí ọ̀pọ̀, ọ̀nà yìí ló kù. Server lọ́tọ̀ tí díìsìkì kún inú rẹ̀, sọ́fítíwíà tó ń pàṣẹ fún gbogbo ìyókù.

Bacula ni àwọn àgbà mọ̀ jù nínú àwọn tí kò gba owó, Bareos sì jẹ́ ọmọ tó yapa kúrò lára rẹ̀ ní ọdún 2010. Apá mẹ́ta ló pín iṣẹ́ sí: ọ̀kan ń pàṣẹ, ọ̀kan jókòó sórí server kọ̀ọ̀kan láti kó fáìlì wá, ọ̀kan ń tọ́jú díìsìkì. Ìwé àkọsílẹ̀ kan wà láàárín wọn tó mọ fáìlì tó wà níbi tó wà. Ìwé yẹn gan-an ni kí ẹ máa kó ẹ̀dà rẹ̀ síbòmíràn pẹ̀lú. Bó bá sọnù, díìsìkì wà nílẹ̀, fáìlì wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ óò lo wákàtí lórí wákàtí láti tún un kọ jáde. Bacula lágbára, ó sì le. Ẹni tó bá tò ó fún ìgbà àkọ́kọ́ yóò lo ọ̀sẹ̀ kan pẹ̀lú fáìlì ìtọ́ni, yóò sì bínú.

Bí ẹ bá ti ń lo Proxmox, sọ́fítíwíà tó ń pín ẹ̀rọ kan sí ọ̀pọ̀ server, Proxmox Backup Server ló bá yín mu jù. Ọdún 2020 ló jáde, kì í kọ ohun kan náà lẹ́ẹ̀mejì, ó sì ń padà yẹ ẹ̀dà wò fúnra rẹ̀ láti mọ̀ bóyá ó ṣì pé. Ẹni tó bá wà lórí VMware tàbí Hyper-V, tí iṣẹ́ wọn jọ ti Proxmox, lè wo Veeam. Ọ̀fẹ́ ni ẹ̀yà Community rẹ̀ títí dé ẹ̀rọ mẹ́wàá. Lẹ́yìn mẹ́wàá, dọ́là ni wọn yóò béèrè. Ẹ ka àwọn ẹ̀rọ yín dáadáa kí ẹ tó fẹ́ràn rẹ̀, nítorí owó ọdọọdún tí dọ́là bá wà nínú rẹ̀ kì í dúró sójú kan nílẹ̀ wa.

Fún gbogbo èyí, ẹ nílò ẹni kan tí iṣẹ́ rẹ̀ gan-an nìyí. Kì í ṣe ẹni tó tún ń tún ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ṣe, tó ń fa wáyà sí àjà, tó sì ń bá ọ̀gá ra káàdì fóònù.

Téèpù àti kíláòdù

N kò ní pẹ́ lórí téèpù. LTO-9, irú téèpù kan, ń gba 18 TB lórí ẹyọ kan, kò jẹ iná lórí pẹpẹ, ransomware kò lè nawọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tó ń kọ ọ́ wọ́n, bó bá sì bàjẹ́, ẹni tí yóò tún un ṣe kò sí nítòsí. Àyàfi bí ẹ bá ní ohun tí ẹ fẹ́ pa mọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹ rékọjá rẹ̀.

Ti kíláòdù, ìyẹn fífi ẹ̀dà ránṣẹ́ gba orí íntánẹ́ẹ̀tì sórí kọ̀ǹpútà iléeṣẹ́ mìíràn, yàtọ̀, nítorí ó dùn létí. Ẹ ṣírò rẹ̀ kó tó wọ̀ yín lójú. Tí íntánẹ́ẹ̀tì yín bá lè gbé 10 Mb/s lọ sókè, 1 TB yóò gbà ju ọjọ́ mẹ́sàn-án lọ kó tó dé ọ̀hún, iná kò sì gbọdọ̀ lọ rárá. Ìdápadà rẹ̀ náà kò ní kánjú. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, wáyà abẹ́ òkun mélòó kan gé ní ìhà Abidjan, íntánẹ́ẹ̀tì sì dákú lọ́dọ̀ àwọn báǹkì àti iléeṣẹ́ fóònù ní Nàìjíríà. Bí server yín bá kú lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, ẹ óò máa wo òkè ni. Iná ló jó ilé OVHcloud, iléeṣẹ́ kíláòdù kan, ní Strasbourg, ní Faransé, ní ọjọ́ 10 oṣù kẹta ọdún 2021. Àwọn oníbàárà tí ẹ̀dà wọn wà níbi kan náà pẹ̀lú iṣẹ́ wọn pàdánù méjèèjì. Síbẹ̀ n kò ní kí ẹ kọ̀ ọ́. Dátábéèsì tí ẹ ti tú jáde tí ẹ sì fún pọ̀ lè má ju GB díẹ̀ lọ, òun sì ni ẹ̀mí ilé-iṣẹ́. Ẹ tì í pa, ẹ máa fi ìyẹn ránṣẹ́ sókè lálaalẹ́. Kí àwọn fọ́tò ìpàdé àti PDF dúró lórí díìsìkì nílé.

Ta ló yẹ kó mú èwo

Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ṣọ́ọ̀ṣì, ilé ìtajà oníserver kan tí iṣẹ́ rẹ̀ kò tó 500 GB: díìsìkì à-fi-wáyà-so méjì tó ń pààrọ̀ ara wọn. Bí owó bá lè na ara rẹ̀ díẹ̀, NAS onídíìsìkì méjì nínú yàrá mìíràn, lórí UPS tirẹ̀, kí díìsìkì kan sì máa ti ara NAS náà lọ sílé.

Ilé-ìwòsàn aládàáni: NAS onídíìsìkì mẹ́rin, RAID 6, kí dátábéèsì máa tú jáde ní wákàtí-wákàtí, kí ẹ̀dà rẹ̀ tí a tì pa sì lọ sókè lálẹ́. Fún tiwọn, n kò ní gbà kí ẹnikẹ́ni fi kọ̀ǹpútà àtijọ́ ṣe é, bó ti wù kó rọjú tó. Ohun kan náà ni fún ilé ìtajà oògùn tó ní ẹ̀ka mẹ́ta, àyàfi tí ẹnìkan nínú wọn bá nífẹ̀ẹ́ Linux tọkàntọkàn.

Ilé-ìwé gíga, tàbí ẹnikẹ́ni tó ní ọmọ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà tó dúró: Linux pẹ̀lú BackupPC tàbí Borg. Owó yín kò ní tán lórí rẹ̀, àwọn ọmọ yín yóò sì kọ́ iṣẹ́ níbẹ̀.

Iléeṣẹ́ tí server rẹ̀ ti lé ní márùn-ún, tó ní yàrá server tó ń tutù àti iná tó dájú: Proxmox Backup Server tàbí Veeam, ní ìbámu pẹ̀lú ohun tó wà nílẹ̀. Bacula fún àwọn tí server wọn jẹ́ àdàlù Linux, Windows àti ohun ayé àtijọ́ tí kò sí ẹni tó fẹ́ fọwọ́ kàn. Kí ẹ̀dà kejì wà ní ilé mìíràn. Bí ọ́fíìsì bá wà ní Alágbàká, Ọba Ilé dáa. Ẹni tó ní ẹ̀ka nílùú Oǹdó ti rí ibi gbé e sí láìsan owó ilé.

Ẹgbẹ́ tí mo fi bẹ̀rẹ̀, NAS onídíìsìkì méjì ni wọ́n padà mú. Ó wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, nínú yàrá tí wọ́n ń kó ìjókòó ìpàdé sí, wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì nìkan ló so ó mọ́ ìsàlẹ̀. Díìsìkì nọ́ńbà 2 ń bá akáwóńtáǹtì lọ sí Ọba Ilé lọ́jọ́ Ẹtì, nínú agolo bisikíìtì kan. Ní ọjọ́ Ẹtì àkọ́kọ́ nínú oṣù, alága yóò dárúkọ fáìlì kan láìsọ tẹ́lẹ̀, akáwóńtáǹtì yóò sì dá a padà lójú gbogbo ìgbìmọ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ìpàdé. Ní oṣù tó kọjá, baba kan láti ẹ̀yìn ló ní kí wọ́n gbà á lọ́wọ́ alága, kí wọ́n fa àkọsílẹ̀ ẹ̀yáwó alága gan-an jáde. Ìṣẹ́jú mẹ́rin ni. Ó jáde pérépéré, gbèsè àti èlé rẹ̀.